Ọ́síjìn Ní Òdiwọ̀n: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ìtọ́jú Èémí

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí jọ ara wọn: ìwádìí ti fi hàn pé báyìí ló yẹ ká ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ lohun tí wọ́n ń ṣe ní wọ́ọ̀dù. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú. Òṣìṣẹ́ ìlera àti ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn nílé la kọ ìdáhùn wọ̀nyí fún. Wọn kò rọ́pò dókítà tó ń wo aláìsàn lójúkojú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ámbúláǹsì gbé bàbá kan tó ní COPD (àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń dí ọ̀nà èémí) wá pẹ̀lú máàsìkì ọ́síjìn lítà 15, ọksímítà (ẹ̀rọ orí ìka tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀) sì ń kà 99%. Mo fẹ́ dín in kù, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ìkà ni mo fẹ́ ṣe, torí bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ta ló jàre? — Nọ́ọ̀sì alẹ́, Peckham

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ òru o. Ẹ̀yin lẹ jàre, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe máa dín in kù ṣe pàtàkì gan-an.

Oògùn ni ọ́síjìn, oògùn sì ní òdiwọ̀n. Ìlànà British Thoracic Society, tó kọ́kọ́ jáde ní 2008 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2017, sọ pé kí ọ̀pọ̀ aláìsàn tí àìsàn kì mọ́lẹ̀ wà láàárín 94% sí 98%. Ti ẹni tó ní COPD, tàbí ẹni tí kábọ́ónì dáyọ́sáìdì lè pọ̀ sí nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 88% sí 92%. Ẹ̀rí tó gbé èyí ró lágbára. Ní Tasmania, lórílẹ̀-èdè Australia, wọ́n ṣẹ́ gègé pín àwọn òṣìṣẹ́ ámbúláǹsì sọ́nà méjì: apá kan ń fún aláìsàn ní ọ́síjìn púpọ̀ bí ìṣe wọn, apá kejì ń wọn ọ́n kí ó lè wà láàárín 88% sí 92%. Aláìsàn 405 ló wọ ìwádìí náà, ó sì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ ní 2010. Nínú àwọn tó gba ọ́síjìn púpọ̀, 9% ló kú. Nínú àwọn tí wọ́n wọ̀n fún, 4%. Nígbà tí wọ́n ya àwọn tí COPD wọn dájú sọ́tọ̀, ó di 9% sí 2%.

Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera pé ọ́síjìn ló ń mú kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ dẹ́kun mímí. Díẹ̀ nínú òótọ́ ni. Èyí tó pọ̀ jù wà nínú ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá dé dáadáa, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ máa ń fún pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè gba ibi tí afẹ́fẹ́ wà kọjá. Ọ́síjìn àpọ̀jù á tú iṣan náà sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á tún máa ṣàn lọ síbi tí kò ti lè sọ ẹrù kábọ́ónì dáyọ́sáìdì rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn bá sì ti kún kì í lè di kábọ́ónì dáyọ́sáìdì mú bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà gáàsì yìí á máa pọ̀ sí i, pH ẹ̀jẹ̀ á sì máa wálẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ á máa kan.

Ẹ má ṣe já máàsìkì náà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Kábọ́ónì dáyọ́sáìdì tó ti kó jọ ṣì gba àyè nínú ẹ̀dọ̀fóró, bí ọ́síjìn bá dédé lọ, òǹkà bàbá lè já wálẹ̀ ju ti ìgbà tí wọn ò tíì fún un ní nǹkan kan lọ. Ẹ yí i sí máàsìkì Venturi (èyí tó ń pò ọ́síjìn mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tó dúró) 28% ní lítà 4 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí 24% ní lítà 2. Bí kò bá sí Venturi, ẹ lo páìpù ihò imú ní lítà 1 sí 2. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára Venturi ni kí ẹ kà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ rẹ̀, torí àwọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà lọ́dọ̀ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Ẹ dúró tì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tún yí nǹkan kan. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ iṣan láti wo gáàsì. Bí pH bá kéré sí 7.35, tí kábọ́ónì dáyọ́sáìdì sì ju 6 kPa lọ lẹ́yìn tí bàbá ti gba oògùn tó yẹ, ẹ pe àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ amúnimí onímáàsìkì.

Ihò kan wà tí ọ̀pọ̀ ń jìn sí: nẹbuláísà, ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkùukùu fún fífà. Ẹ ti wọn ọ́síjìn rẹ̀ dáadáa, ẹnìkan á wá fi ọ́síjìn lítà 8 tú oògùn fún un, gbogbo iṣẹ́ yín á bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ lásán ni kí ẹ fi tú u, kí páìpù ihò imú máa gbé ọ́síjìn díẹ̀ wọlé lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ́síjìn nìkan ló bá wà, ẹ má jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Ti pé bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ: ẹni tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 99%, àìtó ọ́síjìn kọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ̀dọ̀fóró tí kò rí ọ̀nà jáde ló ń dà á láàmú. Oògùn tó ń la ọ̀nà èémí ló nílò, àti kí ó jókòó, kí ó tẹ̀ síwájú, kí ó fi apá méjèèjì lé tábìlì. Kí ẹ sì kọ "88% sí 92%" sínú káàdì oògùn rẹ̀ kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín láàárọ̀, tó rí 90%, á gbé ọ́síjìn sókè bí kò bá rí àkọsílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Onímọ̀ ìtọ́jú èémí ni mí ní Houston, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ICU (wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe). Bí ẹ bá wo ẹ̀rọ amúnimí mẹ́wàá, mílílítà 500 ní mímí kọ̀ọ̀kan lẹ máa bá lórí púpọ̀ nínú wọn, ì báà jẹ́ ọkùnrin gíga tàbí obìnrin kúkúrú. Mo mọ ohun tí ìwádìí sọ, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá mi ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi. Báwo ni ọmọdé ṣe ń gbé irú ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀? — Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Texas

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ọ̀rọ̀ yìí ní apá méjì, ti ìṣirò àti ti ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí ti ìṣirò yé yín yékéyéké ná, torí ibẹ̀ ni wọ́n á ti kọ́kọ́ dán yín wò.

Ìwádìí tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí ni ti ARDSNet, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà níbẹ̀, tó jáde ní 2000. Aláìsàn 861 tó ní ARDS (ìpalára ẹ̀dọ̀fóró líle tó ń já ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀) ni wọ́n ṣẹ́ gègé pín. Ẹ̀rọ ń ti mílílítà 12 fún kílò kan sínú apá kan ní mímí kọ̀ọ̀kan, ó ń ti 6 sínú apá kejì. Nínú apá àkọ́kọ́ 39.8% ló kú, nínú apá kejì 31.0%. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, 8.8 ló kù; ẹ fi 8.8 pín 100, ẹ ó rí 11 àti díẹ̀. Ìyẹn ni pé bí a bá ṣe é fún aláìsàn méjìlá, ẹnìkan tí ì bá kú á yè. Ìtọ́jú tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní ICU, kò sì ní kọ́bọ̀ tí a ó san lé e.

Kílò tí à ń sọ yìí kì í ṣe ti òṣùwọ̀n. Ènìyàn lè sanra, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kì í tóbi tẹ̀ lé e. Gíga ló ń pinnu rẹ̀. Fún obìnrin, ẹ mú gíga ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ yọ 152.4, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.91, ẹ fi 45.5 kún un. Fún ọkùnrin, 50 lẹ máa fi kún un dípò 45.5. Obìnrin tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 158 á jẹ́ kílò 50.6, mílílítà 6 fún kílò kan á sì jẹ́ 304. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá wà ní 500, ó ń gba nǹkan bíi mílílítà 10 fún kílò kan. Bí obìnrin náà bá wọn kílò 92, tí ẹnìkan sì fi 92 yẹn ṣírò 6, á gbé 552 fún un, á sì rò pé òun tẹ̀ lé ìwé. Ọkùnrin tó ga ní 170 á gba 396. Ẹ wá rí i pé àwọn obìnrin kúkúrú ni 500 yẹn ń pa lára jù.

Gíga tí wọ́n fi ojú díwọ̀n kì í tọ̀nà. Ẹ fi téèpù wọn aláìsàn láti orí dé gìgísẹ̀ lórí ibùsùn pẹrẹsẹ. Bí ẹsẹ̀ kò bá ṣe é nà, egungun apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ ṣe é fi ṣírò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìfúnpá plateau, ìyẹn ìfúnpá inú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí afẹ́fẹ́ dúró. Ẹ di èémí mú ní òpin ìfàsínú fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, nígbà tí aláìsàn kò bá ẹ̀rọ jà, kí ẹ ka òǹkà náà. Kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà omi 30 lọ. Bí ó bá ṣì ju bẹ́ẹ̀, ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀ sí 5, kódà sí 4 fún kílò kan. Àtakò tí ẹ máa gbọ́ ni pé kábọ́ónì dáyọ́sáìdì á pọ̀. Òótọ́ ni. Ẹ gbé iye mímí sókè, ó lè dé 35 ní ìṣẹ́jú kan bí afẹ́fẹ́ bá ń rí àyè jáde tán. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ wo àsẹ́ oníọ̀rinrin tó wà láàárín páìpù àti ẹnu aláìsàn: ó ń gba mílílítà púpọ̀ tí kò dé ẹ̀dọ̀fóró rárá. Tí ẹ bá fi ẹ̀rọ amómigbóná rọ́pò rẹ̀, kábọ́ónì dáyọ́sáìdì lè wálẹ̀ láìfi kún mímí kankan. Àtakò kejì ni pé aláìsàn á máa fa èémí méjì léra wọn torí ebi afẹ́fẹ́ ń pa á. Bí ẹ bá rí i, mímí méjì yẹn para pọ̀ jẹ́ 600, ààbò yín ti lọ. Ẹ fi kún àkókò ìfàsínú, tàbí kí ẹ gbé e sí 7 tàbí 8 bí plateau bá gbà á.

Ẹ má sì sọ ohun tí ẹ̀rí kò sọ. ARDS ni ìwádìí yẹn wà fún. Fún àwọn tí kò ní ARDS, ìwádìí PReVENT láti Netherlands, tó jáde ní 2018, kò rí ìyàtọ̀ nínú ọjọ́ tí aláìsàn fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ láàárín àwọn tí wọ́n fún ní 4 sí 6 àti àwọn tí wọ́n fún ní 8 sí 10. Ọ̀gá tó bá gbọ́ tí ẹ sọ èyí lẹ́nu ara yín á fọkàn tán yín sí i.

Apá ti ènìyàn wá kù. Kì í ṣe ICU yín nìkan ni ọ̀rọ̀ wà. LUNG SAFE, tó jáde ní 2016, wo ICU 459 ní orílẹ̀-èdè 50: dókítà dá nǹkan bíi 60% àwọn tó ní ARDS mọ̀, àwọn tó sì gba mílílítà 8 tàbí èyí tó kéré sí bẹ́ẹ̀ fún kílò kan kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ìwádìí àkọ́kọ́ nìyẹn o! Nítorí náà ẹ má lọ pẹ̀lú ọkàn ẹni tó mú ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ gba àṣẹ, kí ẹ kó fáìlì ogún aláìsàn tó kẹ́yìn jọ. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ gíga rẹ̀ (tàbí pé wọn ò kọ gíga sílẹ̀, ẹ máa rí i púpọ̀), mílílítà tí ẹ̀rọ ń ti sí i, iye rẹ̀ fún kílò kan, àti bóyá ẹnikẹ́ni wọn plateau. Ojú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá tó wà lórí ìṣípò yín níkọ̀kọ̀, kì í ṣe nígbà tí dókítà ń yí wọ́ọ̀dù ká, kí ẹ bi í léèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ rí nínú èyí?" Àgbà tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí òǹkà wọ́ọ̀dù tirẹ̀ kò nílò kí ọmọdé tún wàásù fún un.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ tọrọ: kí téèpù àti káàdì gíga sí mílílítà máa wà lára gbogbo ẹ̀rọ, kí gíga jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ nígbà tí wọ́n bá so aláìsàn mọ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún kó fáìlì ogún. Ẹ ka ewu pẹ̀lú àǹfààní: mélòó ni pH rẹ̀ já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mélòó ló nílò oògùn oorun sí i. Bí òǹkà kò bá yí padà, àfàìmọ̀ kí téèpù má ti sọnù.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, ní ikọ́ fée. Nẹbuláísà la rà, ṣùgbọ́n iná kì í dúró. Wọ́n ní ìnhélà nínú ìgò omi ike ń ṣiṣẹ́ bákan náà. Ṣé kì í ṣe àròsọ? — Ìyá Ayọ̀, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe àròsọ, Ìyá Ayọ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣẹ́ gègé fún pọ̀ tó fi hàn pé ìnhélà tó gba inú spacer kọjá, ìyẹn ike tó ń gba oògùn sínú kí ọmọ tó fà á, kò rẹ̀yìn sí nẹbuláísà nínú ìkọlù tí kò tíì di ti ikú. Àwọn ọmọdé tó lò ó tilẹ̀ tètè kúrò ní yàrá pàjáwìrì, àyà wọn kò sì lù kìkì bíi ti àwọn tó lo nẹbuláísà. Ní ti ìgò, wọ́n dán an wò ní South Africa, ó jáde nínú Lancet ní 1999: ìgò ike mílílítà 500 tí wọ́n lẹ ojú ihò rẹ̀ pa ṣiṣẹ́ bíi spacer olówó ńlá fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 13. Ìgò tí wọn kò lẹ kò ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Ife fóòmù ló kẹ́yìn pátápátá.

Ojú ibi tí ìgò àti ìnhélà ti pàdé ni kókó iṣẹ́ náà. Ẹ mú ìgò 500 tó mọ́, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ kúrò. Ẹ fi ẹnu ìnhélà lé ìdí ìgò náà, ẹ fi bírò ya àmì yí i ká. Ẹ mú wáyà gbígbóná fi gé ihò náà níta gbangba, kí ó kéré díẹ̀ sí àmì, torí ihò tó há ṣe é fẹ̀, èyí tó fẹ̀ kò ṣe é dín. Ẹ ki ìnhélà bọ̀ ọ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ etí ihò náà yí ká, kí ó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan fọ inú ìgò, ẹ má ṣàn án, ẹ má fi aṣọ nù ún; ẹ dojú rẹ̀ dé kó fúnra rẹ̀ gbẹ. Aṣọ tí a fi nu ike máa ń mú kó fa nǹkan mọ́ra, oògùn á sì lẹ̀ mọ́ ara ìgò dípò kó dé àyà ọmọ. Ẹ máa fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, kí ọmọ jókòó gbọnrangandan. Ẹ gbọn ìnhélà pẹ̀lú ìgò tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ọmọ fi ètè di ẹnu ìgò pa. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó rọra fà á sínú kó mí síta nínú ìgò nígbà márùn-ún. Ẹ tún gbọn ọ́n kí ẹ tó tẹ èkejì. Ẹ má tẹ méjì pọ̀: oògùn á kọlu ara rẹ̀ nínú ìgò, díẹ̀ ló máa dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí ìkọlù bá dé, ìlànà GINA (ẹgbẹ́ àgbáyé lórí ikọ́ fée) fún ọmọ ọdún mẹ́fà sókè ni ìtẹ̀ 4 sí 10 salbutamol, oògùn tó ń la ọ̀nà èémí, léraléra ní ogún ogún ìṣẹ́jú fún wákàtí àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa múra ilé ìwòsàn bí kò bá rọlẹ̀. Bí kò bá lè parí gbólóhùn, bí awọ àárín ìhà rẹ̀ bá ń wọlé, bí ahọ́n tàbí inú ètè rẹ̀ bá ń dà bí aró, tàbí tí ó ń tòògbé, ẹ má ka ìṣẹ́jú kankan. Ẹ gbéra, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ fún un lọ́nà. Bí Ayọ̀ bá ń lo ìnhélà yìí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, oògùn tó ń dènà ìkọlù ló kù tí kò tíì gbà, ẹ bá dókítà sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi ní Amẹ́ríkà ní ọksímítà kì í sọ òótọ́ fún àwa aláwọ̀ dúdú. Ṣé ká jù ú sígbẹ́ ni? — Oníkẹ́míìsì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ má jù ú nù. Òótọ́ lẹ̀gbọ́n yín sọ, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ní 2020, New England Journal of Medicine gbé iṣẹ́ kan jáde láti Michigan. Wọ́n wo ìgbà tí ọksímítà kà 92% sí 96%, wọ́n sì fi wé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà láti iṣan lákòókò kan náà. Ọ́síjìn gan-an ti wà lábẹ́ 88% nínú 11.7% àwọn ìwọ̀n tí wọ́n ṣe fún aláwọ̀ dúdú, 3.6% ni ti aláwọ̀ funfun. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí fi ń ṣiṣẹ́, àwọ̀ dúdú sì ń gba nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Nítorí náà, tí ó bá kà 93% fún ẹni tó ń mí kíákíá tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, aláìsàn ni kí ẹ gbàgbọ́. Ìtẹ̀sí òǹkà wúlò ju òǹkà kan lọ: ẹni tó jẹ́ 97% láàárọ̀ tó di 93% lálẹ́ ti sọ ìròyìn fún yín. Kí ọwọ́ lọ́wọ́ọ́wọ́, kí èékánná má ní ọ̀dà tàbí láàlì dúdú, kí ẹ sì dúró títí òǹkà ìlù ọkàn lójú ẹ̀rọ fi bá èyí tí ẹ fọwọ́ kà mu.

Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí gba ẹ̀mí là lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Wọ́n ṣe ìwádìí ní ilé ìwòsàn méjìlá ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn wà nídìí rẹ̀, ó jáde nínú PLoS Medicine ní 2019. Nígbà tí ọksímítà dé wọ́ọ̀dù tí àwọn nọ́ọ̀sì sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, àwọn ọmọ tí ọ́síjìn wọn kéré bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ́síjìn gbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ojú lásán kì í rí púpọ̀ nínú wọn.

Ibì kan wà tí ọksímítà ti ń purọ́ fún gbogbo àwọ̀: èéfín jẹnẹrétọ̀. Kábọ́ónì mónọ́sáìdì inú rẹ̀ máa ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ sì ń kà á mọ́ ọ́síjìn. Ẹni tí wọ́n gbé jáde nínú yàrá tí jẹnẹrétọ̀ ti ṣiṣẹ́ mọ́jú, tí orí ń fọ́, tó ń bì tàbí tí kò mọ ibi tó wà, lè kà 99% kó sì máa kú lọ. Ọ́síjìn tó pọ̀ jù lọ tí ẹ ní ni kí ẹ fi fún un lójú ẹsẹ̀, ohun yòówù kí ẹ̀rọ kà. Yàtọ̀ pátápátá sí bàbá Peckham òkè yìí.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n fún màmá mi ní ike oníbọ́ọ̀lù mẹ́ta láti máa fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ikùn. Ó ń rẹ̀ wọ́n. Ṣé dandan ni? — Adéọlá, Manchester

ÌDÁHÙN: Rárá. Àyẹ̀wò Cochrane ti 2014, tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, kò rí ẹ̀rí pé ike yẹn ń dín àìsàn àyà kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ikùn òkè. Kí màmá jókòó lórí àga, kí wọ́n rìn ní ọjọ́ kejì bí dókítà bá gbà, kí wọ́n gba oògùn ìrora tó tó kí wọ́n lè mí kanlẹ̀ kí wọ́n sì hú ikọ́, kí wọ́n fi ìrọ̀rí di ojú abẹ mú bí wọ́n bá ń húkọ́. Fún ẹlòmíràn tó ń bọ̀ wá ṣe abẹ: ní Australia àti New Zealand, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ẹ̀kọ́ mímí lọ́dọ̀ onífisiọtẹ́rápì ṣáájú abẹ dín àìsàn àyà kù láti 27% sí 12%, nínú ìwádìí tó jáde nínú BMJ ní 2018. Kí wọ́n tọrọ ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ní ICU wa, a ń da omi iyọ̀ sínú páìpù ọ̀fun kí a tó fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀, a sì ń fi chlorhexidine (oògùn apakòkòrò) nu ẹnu. Ẹnìkan ní méjèèjì ti di ohun àtijọ́. — Nọ́ọ̀sì ICU, Èkó

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni. Omi iyọ̀ kì í tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bí a ṣe rò, ó máa ń já ọ́síjìn wálẹ̀. Ìlànà AARC, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtọ́jú èémí ní Amẹ́ríkà, kò fẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ẹ fà á nígbà tí ẹ bá gbọ́ ọ tàbí tí ẹ rí i lójú ẹ̀rọ, kì í ṣe ní wákàtí méjì méjì. Kí páìpù ìfà kéré sí ìdajì ihò páìpù ọ̀fun àgbàlagbà, kí fífà kọ̀ọ̀kan má kọjá ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sì fún un ní ọ́síjìn kún ṣáájú. Ní ti chlorhexidine, ìlànà SHEA (ẹgbẹ́ onímọ̀ ìdènà àkóràn ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà) ti 2022 yọ ọ́ kúrò torí àmì wà pé ó lè fi kún ikú, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwa pẹ̀lú fi ń sọ fún àwọn òǹkàwé pé kí wọ́n lò ó, torí ohun tí ẹ̀rí ìgbà náà sọ nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: A gbọ́ pé CPAP oníhóhò (ohun tó ń fi ìfúnpá afẹ́fẹ́ díẹ̀ mú ẹ̀dọ̀fóró wà ní ṣíṣí) tí a fi ìgò omi ṣe gba àwọn ọmọ tí òtútù àyà mú là ní Bangladesh. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí la nílò? — Mátírọ́nì, ilé ìwòsàn kan ní Ìsẹ́yìn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn àwọn ọmọ wa, Mátírọ́nì. Ìwádìí méjì ni kí ẹ kà pọ̀. Ní Dhaka, ní 2015, ọmọ 3 nínú 79 tó gba CPAP oníhóhò ló kú, nígbà tí 10 nínú 67 tó gba ọ́síjìn kékeré kú. Ní Malawi, ní ilé ìwòsàn àgbègbè Salima, ní 2019, ó yí padà: 17% nínú àwọn tó gba CPAP kú, 11% nínú àwọn tó gba ọ́síjìn lásán. Ọ̀nà ìtọ́jú kan náà ni, àwọn tó yí ibùsùn ká ló yàtọ̀. Ní Dhaka, dókítà wà nítòsí tọ̀sán-tòru. Ní Salima, dókítà kì í wò wọ́n lójoojúmọ́, àwọn ọmọ tó wọ ìwádìí náà sì jẹ́ àwọn tó wà nínú ewu jù: HIV, àìjẹunrekánú, ọ́síjìn tó ti já púpọ̀.

Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ yín kì í ṣe ti ìgò. Ta ni yóò wo ọmọ náà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ní aago mẹ́ta òru, ta sì ni yóò pe dókítà tó máa dé? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ fi ọ́síjìn kékeré àti ọksímítà ṣiṣẹ́, ẹ ń ṣe dáadáa.

Bí ìdáhùn bá wà: sẹ̀ǹtímítà tí páìpù fi rì sínú omi ni ìfúnpá, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 5. Ẹ fi rúlà lé ara ìgò, torí omi ń fà, ìfúnpá sì ń dín kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí hóhò bá dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ ń jò: ẹ wo imú kí ẹ tó yí ṣíṣàn ọ́síjìn, bóyá páìpù ti kéré jù tàbí ọmọ la ẹnu sílẹ̀. Ẹ ki páìpù ikùn sí i kí afẹ́fẹ́ rọ́nà jáde. Ikùn tó wú ń ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, oúnjẹ sì lè gba ọ̀fun padà wọ àyà. Ẹ má fi ẹnu bọ́ ọmọ tó wà lórí CPAP. Fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ẹ má lo ọ́síjìn ògidì láìsí ohun tí ẹ fi pò ó mọ́ afẹ́fẹ́, torí ó ń ba ojú wọn jẹ́. Ẹ wo awọ imú ní wákàtí méjì méjì. Bí ọmọ kò bá sàn láàárín wákàtí kan sí méjì, tó ń mí kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ẹ pe ilé ìwòsàn ńlá nígbà tí agbára ṣì kù lára rẹ̀, kí ọ́síjìn inú ọkọ̀ sì ti wà ní ṣíṣí kí ẹ tó gbé e kúrò lórí ibùsùn.